Ta Ló Sọ Bẹ́ẹ̀?

Ilé ẹgbẹ́ àwọn akọ̀ròyìn Ìpínlẹ̀ Ògùn wà ní Òkè-Ìlèwó, l'Abẹ́òkúta, Ìwé Ìròyìn ni wọ́n sì fi sọ orúkọ rẹ̀. Orúkọ náà tọ́ sí i. Ìlú yìí ni wọ́n ti kọ́kọ́ tẹ ìwé ìròyìn ní gbogbo ilẹ̀ tí à ń pè ní Nàìjíríà lónìí, èdè Yorùbá ni wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Henry Townsend, míṣọ́nnárì ìjọ CMS, ló gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kalẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1854. Ní 1859 ló bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá, tí ń jáde lọ́sẹ̀ méjì-méjì, tí wọ́n ń tà ní owó ẹyọ 120. Ta ló bímọ, ta ló kú, ta ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣèrìbọmi, èló ni wọ́n ń ra òwú, àlùfáà wo ló rìnrìn àjò lọ síbo: irú ìròyìn tó kún inú rẹ̀ nìyẹn. Nígbà tó di 1860, wọ́n fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kún un. Èkó kò rí ti ara rẹ̀ títí di 1863, tí Robert Campbell dá Anglo-African sílẹ̀.

Ohun tó ń mú mi ronú kan ìwé yìí lóde òní ni pé gbogbo ẹni tó bá kà á ló mọ ilé ẹni tó tẹ̀ ẹ́. N kò sọ pé Townsend kì í ṣègbè. Nígbà tí ogun Ìjàyè bẹ̀rẹ̀ ní 1860, ẹ̀yìn Ẹ̀gbá àti Ìjàyè ló wà, ohun tó ń tẹ̀ kò sì dùn mọ́ àwọn tó fara mọ́ Ìbàdàn nínú. Ṣùgbọ́n òǹkàwé mọ̀ pé Townsend ló sọ bẹ́ẹ̀, ó mọ ibi tí Townsend dúró sí, ó sì lè fi ìyẹn wọn ohun tó kà. Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà bá bí nínú mọ ọ̀nà ilé rẹ̀ ní Aké. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1867, àwọn tí inú ń bí gba ọ̀nà náà lóòótọ́. Ìfọ́lé ni Ẹ̀gbá ń pè é. Wọ́n kó ilé ìjọsìn àti ilé àwọn míṣọ́nnárì, wọ́n ba ẹ̀rọ ìtẹ̀wé jẹ́, àwọn òyìnbó kúrò nílùú, Ìwé Ìròyìn sì dópin. Aáwọ̀ tó wà láàárín Ẹ̀gbá àti ìjọba òyìnbó ní Èkó ló fà á ju ọ̀rọ̀ ìwé lọ, ohun búburú ni wọ́n sì ṣe. Síbẹ̀, ìròyìn tó nílé ni ènìyàn lè lọ bá wíjọ́. Èyí tó ń wọ fóònù wa lóru kò nílé.

Rédíò ni mo fi jẹun títí mo fi fẹ̀yìntì. Lẹ́yìn tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀ ní oṣù Kejì ọdún 1976 ni rédíò ti ìpínlẹ̀, OGBC, dé, àwọn mìíràn sì tẹ̀ lé e nígbà tó yá, ti ìjọba àpapọ̀ àti ti aládàáni. Àwọn tó ń gbọ́ wa nílé mọ ohùn wa. Ohun tí wọn kò mọ̀ ni yàrá tí a ti ń gba ìkéde. Fọ́ọ̀mù kan wà lórí tábìlì níbẹ̀. Ẹni tó bá mú ìkéde òkú wá yóò kọ orúkọ ara rẹ̀, ibi tó ń gbé, bó ṣe jẹ́ sí olóògbé, yóò sì buwọ́ lù ú. Bó bá jẹ́ pé ọmọ ló sọnù, a ó béèrè ìwé láti àgọ́ ọlọ́pàá. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tí ẹbí kan ní kí ẹnikẹ́ni má rà, a ó ní kí olórí ẹbí wá fúnra rẹ̀. Ọkùnrin kan gbé ìkéde wá nígbà kan pé ìyàwó òun ti sá kúrò nílé, pé kí gbogbo ayé ṣọ́ra fún un nítorí oníjìbìtì ni. Ó fẹ́ kí a kà á lójúmọ́ kan náà, ó sì ti mú owó rẹ̀ dání. A sọ fún un pé kó mú ẹnì kan wá láti ẹbí obìnrin náà, tàbí kó mú ìwé kóòtù wá. Ó bínú jáde, a kò sì rí i mọ́. Mo máa ń bi ara mi léèrè ohun tí ìbá ṣẹlẹ̀ sí obìnrin náà ká ní fóònù ti wà lọ́wọ́ ọkùnrin yẹn lọ́jọ́ náà.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ka fọ́ọ̀mù yẹn sí ìyọlẹ́nu. Àwa tí a jókòó sẹ́yìn tábìlì mọ̀ pé ìbéèrè kan ṣoṣo ló ń bèèrè: ta ló sọ bẹ́ẹ̀?

Ní báyìí, èmi ni àdímíìnì ẹgbẹ́ àwọn onílé àdúgbò wa lórí Wasáàpù, ní apá Ọbántókò. Mo tún wà nínú ti ẹbí, ti ìjọ, àti ti àwọn tí a jọ jáde nílé ìwé. N kì í ṣe ara àwọn tó ń sọ pé fóònù ló ba ayé jẹ́. Orí ẹgbẹ́ yìí la ti dá owó tí a fi tún tíránsífọ́mà ṣe, tí àwọn ọmọ àdúgbò wa tó wà ní Peckham àti Houston dá tiwọn kún un, tí akápò sì ń gbé gbogbo rìsíìtì síbẹ̀ kí kálukú fojú ara rẹ̀ rí i. Ká ní ìpàdé lásán la fi ṣe é, ìjà ìbá ti dé. Àwọn ìyá tí kò mọ̀wé, tí wọn kì bá lè ka ohun tí Townsend tẹ̀ ká ní wọ́n wà láyé nígbà náà, ti rí àyè sọ̀rọ̀ nísinsìnyí, torí ohùn ni wọ́n ń gbà sílẹ̀ ránṣẹ́. Bí ìyá kan láti Òwu bá tẹ fóònù tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohùn Òwu rojọ́ gọ́tà tó dí lẹ́yìnkùlé rẹ̀, gbogbo wa ló máa ń dákẹ́ gbọ́ ọ tán. Lójú tèmi, ohun tó dára jù tí ẹ̀rọ yìí mú wá nìyẹn.

Àmọ́ ohun tó gbé ohùn ìyá náà dé ọ̀dọ̀ wa náà ló ń gbé ohùn ẹni tí a kò mọ̀ dé. Ilẹ̀ Ẹ̀gbá mọ èyí ju ọ̀pọ̀ ibòmíràn lọ, nítorí àárín wa ni ìròyìn àrùn kòrónà ti bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ọjọ́ 27 oṣù Kejì ọdún 2020 ni àyẹ̀wò fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ará Ítálì kan ní àrùn náà. Èkó ni ọkọ̀ òfuurufú gbé e dé, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì ní Ewékorò ló bá iṣẹ́ lọ, ibẹ̀ sì ni àìsàn ti mú un kí wọ́n tó gbé e padà sí Èkó fún ìtọ́jú. Òótọ́ inú ọ̀rọ̀ náà kò ju ìlà díẹ̀ lọ. Irọ́ tó tẹ̀ lé e ní orí, ó ní ìrù: awakọ̀ tó gbé òyìnbó náà ti sá kúrò níbi tí wọ́n tì í mọ́, ó ń kó àrùn kiri ìlú, ó ń béèrè owó kó tó padà. Ọlọ́pàá Ìpínlẹ̀ Ògùn jáde wá sọ pé kò sí òótọ́ níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi sọ ọ́, àwọn ènìyàn wa ti ń bẹ̀rù láti wọ ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti ojú ọ̀nà Ewékorò.

Ní oṣù Kẹrin ọdún yẹn kan náà, tí òfin kónílé-ó-gbélé mú Èkó àti Ògùn, ọ̀rọ̀ olè ló gbòde. Láti Agége dé Agbádó, dé Ifọ̀, dé Ọ̀tà, ojúde ni àwọn ọkùnrin ń sùn pẹ̀lú àdá àti igi lọ́wọ́, tí wọ́n ń sun táyà ní ìkóríta mọ́jú. Olè wà, n kò ní jiyàn ìyẹn. Orúkọ àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìta bíi One Million Boys àti Àwáwà kì í ṣe àlọ́. Ṣùgbọ́n ohùn ọkùnrin kan wà tó ń mí gùlegùle, tó ń pariwo pé wọ́n ti dé, pé wọ́n ti wọ òpópónà wa, kí gbogbo ọkùnrin jáde. Ohùn kan náà yìí ni mo gbọ́ nínú ẹgbẹ́ àwọn ará Ifọ̀, mo gbọ́ ọ nínú ẹgbẹ́ ìjọ wa, mo sì gbọ́ ọ nínú tiwa ní Ọbántókò. Òpópónà wo ló ń wí? Kò sí ẹni tó mọ ọkùnrin náà. Gbogbo wa ló mọ ẹni tó fi í ránṣẹ́ sí wa.

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ìròyìn tí kò ní olúwa kì í wọlé lórúkọ ara rẹ̀. Orúkọ ìyá rẹ, ẹ̀gbọ́n rẹ, tàbí olùkọ́ rẹ àtijọ́ ló máa ń fi wọlé, ìwọ náà á sì gbà á gbọ́ nítorí ẹni tó gbé e wá. Ìfẹ́ ló ń gbé irọ́ kiri. Ẹ rántí oṣù Kẹjọ ọdún 2014, lẹ́yìn tí Ebola ti wọ Èkó. Òru ni fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún: ẹ dìde, ẹ fi iyọ̀ sínú omi gbígbóná, ẹ fi wẹ̀, ẹ mu nínú rẹ̀, kí ilẹ̀ tó mọ́. Ta ló ń pè? Àwọn ìyá ni, àwọn àbúrò ìyá, àwọn tí kò lè sùn nígbà tí wọn kò tíì pe gbogbo ọmọ wọn tán. L'Abẹ́òkúta níhìn-ín, odidi agboolé ló wẹ̀ lóru ọjọ́ náà. Ìròyìn wá láti Jọ́ọ̀sì pé ènìyàn méjì kú lẹ́yìn tí wọ́n mu omi iyọ̀. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ọjọ́ kan náà ni òtítọ́ bá ti iyọ̀ yìí, torí ìjọba àti àwọn dókítà tètè jáde sọ̀rọ̀. Àwọn tó mu ún ti mu ún. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá, àjọ WHO kéde pé Nàìjíríà ti bọ́ lọ́wọ́ Ebola. Iṣẹ́ àwọn tó ń tọpasẹ̀ àrùn náà láti ilé dé ilé ló ṣe é, àwọn tó ń bi kálukú pé ta lo fara kàn, nígbà wo, níbo.

Irú ìtọpasẹ̀ yẹn ni mo gbìyànjú rẹ̀ wò lórí ìròyìn kan láìpẹ́. Bàbá kan lára àwọn onílé wa gbé e sórí ẹgbẹ́ ní ọ̀sán pé àwọn ajínigbé ti dí ọ̀nà Ọ̀dẹ̀dá, pé wọ́n ti kó bọ́ọ̀sì akẹ́kọ̀ọ́ kan lọ. Àwọn tí ọmọ wọn wà ní Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ ní Àlàbátà bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún lórí fóònù. Mo pe bàbá náà.

"Bàbá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ ọ̀nà Ọ̀dẹ̀dá yẹn, ta ló sọ fún yín?"

"Ọmọ mi tó wà n'Íbàdàn ni. Kì í parọ́."

Mo gba nọ́ńbà ọmọ náà, mo pè é. Ó kí mi dáadáa, ó ní ẹnì kan tí àwọn jọ ń ṣiṣẹ́ ló fọ́wáàdì rẹ̀ sí òun. Ó bá mi bi onítọ̀hún. Onítọ̀hún ní àǹtí òun ní Ṣàgámù ni. Àǹtí, nígbà tí wọ́n bá a sọ̀rọ̀, ní òun rí i lórí Facebook, òun kò rántí ojú ewé tòun ti rí i. Okùn já síbẹ̀. Láàárín àkókò yẹn, obìnrin kan nínú ẹgbẹ́ wa ti pe ọmọ rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ọ̀nà náà kọjá. Ọmọ náà ní òun ti dé Àlàbátà, òun ń jẹun. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sórí ẹgbẹ́ bí mo ṣe bá a: ẹni tó sọ, ẹni tó sọ fún un, títí dé ibi tí okùn ti já. Inú bàbá kò dùn. Ó ní ṣé èmi ni n ó máa kọ́ òun lóhun tí òun lè sọ ní àdúgbò tí òun ti kọ́lé kí n tó dé ni. Mo bẹ̀ ẹ́, mo sì lọ kí i nílé ní ìrọ̀lẹ́, nítorí àgbà ni. Ṣùgbọ́n mi ò yí ohun tí mo kọ padà.

Ojú ọ̀nà wa ní ewu lóòótọ́, ajínigbé kì í ṣe ìtàn. Ìdí nìyẹn tí irọ́ lórí rẹ̀ fi léwu jù. Bí ẹnu bá ti pariwo ìkookò ní ọ̀sán mẹ́ta, ta ni yóò jáde ní ọ̀sán kẹrin? Ẹ wò ó ní ìdà kejì. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan kọ ọ́ sórí ẹgbẹ́ kan náà lóru pé, "Èmi fúnra mi ni mo wà níbí o. Tíránsífọ́mà ń jó, mo dúró sí ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù oní-kẹ́míìsì, ẹ gbé iyẹ̀pẹ̀ bọ̀." Kò sí ẹni tó bèèrè ohunkóhun mọ́. Kí a tó ṣẹ́jú, àwọn ènìyàn ti wà níta pẹ̀lú garawa iyẹ̀pẹ̀.

Ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé àwọn ènìyàn wa kò mọ bí a ti ń yẹ nǹkan wò. Ẹ lọ sí Ìtòkú, ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́ àwọn ìyá aláàdìrẹ kí ẹ wo bí wọ́n ṣe ń tajà. Fóònù ni wọ́n fi ń ya àwòrán aṣọ ránṣẹ́ sí oníbàárà ní Accra àti London, orí fóònù náà ni owó ń gbà wọlé. Wàyí, oníbàárà kan ra àdìrẹ, ó ní òun ti fi owó ránṣẹ́, ó na fóònù rẹ̀ síwájú: ẹ wò ó, ó ti lọ. Ìyá kò ní wo fóònù oníbàárà rárá. Tirẹ̀ ni yóò máa wò. Bí àlẹ́ẹ̀tì bá sì dún, yóò tún ní kí ọmọ òun ṣí áàpù báǹkì wò bóyá owó náà ti wọlé lóòótọ́, nítorí àwọn oníjìbìtì ti ń ṣe ayédèrú àlẹ́ẹ̀tì. Títí dìgbà náà, aṣọ ò kúrò lórí àtẹ. Kò sí ẹni tó pe ìyá ní aláìgbàgbọ́. Ó dáàbò bo ọjà rẹ̀ ni. Ìyá kan náà yìí, bí ohùn kan bá wọ fóònù rẹ̀ pé wọ́n ti fi májèlé sínú ẹ̀wà tí wọ́n ń tà ní Kútọ̀, yóò fọ́wáàdì rẹ̀ sí gbogbo ẹbí láìgbọ́ ọ tán. Ọgbọ́n tó fi ń ṣọ́ owó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Òun náà ni ìròyìn ń fẹ́.

Ọ̀ràn mìíràn wà tó ń dùn mí ju irọ́ lọ. Ìyá kan ń ta iṣu ní Láfẹ́nwá. Ọmọ ọmọ rẹ̀, tí kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ, ló máa ń bá a ka ohun tó bá wọ fóònù. Àárín ọjà ni ọmọ náà ti ka ikú àbúrò ìyá sí i létí. Ẹnì kan nínú ẹbí, tó wà lókè òkun, ló ti gbé àwòrán olóògbé sórí ẹgbẹ́ ẹbí, pẹ̀lú àwòrán àbẹ́là àti RIP. Àwọn àgbà ẹbí ṣì ń pe ara wọn jọ láti lọ bá ìyá náà nílé ni, kí wọ́n jókòó tì í, kí ẹni tó sún mọ́ ọn jù di ọwọ́ rẹ̀ mú kí wọ́n tó la ẹnu. Ohun tó gbọ́ kì í ṣe irọ́, a sì mọ ẹni tó sọ ọ́. Kò tọ́ sí i láti sọ ọ́ ni. Bí a ṣe ń túfọ̀ nílẹ̀ yìí kì í ṣe àṣà àtijọ́ lásán. Ẹ̀mí arúgbó ló ń dáàbò bò. Nínú ẹgbẹ́ ẹbí tiwa, a ti fi ẹnu kò pé kò sí ẹni tí yóò gbé òkú sórí fóònù kí olórí ẹbí tó sọ pé ó yá. Ó yẹ kí gbogbo ẹbí ṣe bẹ́ẹ̀.

Ilé iṣẹ́ tó ni Wasáàpù ti gbìyànjú díẹ̀. Láti oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2019, ènìyàn kò lè fọ́wáàdì ọ̀rọ̀ kan kọjá ibi márùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2020, wọ́n dín èyí tó ti rìn jìnnà kù sí ibì kan ṣoṣo, ọfà méjì sì ni àmì rẹ̀ lórí fóònù. Àwọn àgbà kan ní àdúgbò wa gbà pé ọfà méjì yẹn túmọ̀ sí pé ọ̀rọ̀ náà ṣe pàtàkì! Mo ti ṣàlàyé rẹ̀ ní ìpàdé onílé, n ó sì tún un ṣàlàyé: ọfà méjì ń sọ fún ọ pé ọ̀rọ̀ yìí ti gba ọwọ́ púpọ̀ kọjá, àti pé ó ṣeé ṣe kí ẹni tó fi ránṣẹ́ sí ọ má mọ ibi tó ti wá.

Ti ìjọba ńkọ́? Ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà ọdún 2021 ni Nàìjíríà ti Twitter pa, ó di ọjọ́ 13 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2022 kí wọ́n tó ṣí i. Oṣù méje ó lé. Ní gbogbo àkókò yẹn, irọ́ kò dín kù nínú fóònù mi. Àwọn tó ń fi ibẹ̀ ṣòwò, tí wọ́n sì ń dá orúkọ ara wọn sọ̀rọ̀, ni ìyà jẹ. Títi ilẹ̀kùn mọ́ gbogbo ènìyàn kò lè sọ ẹni tó parọ́ di mímọ̀. Láàárín ara wa, nínú ẹgbẹ́ kéékèèké tí a ti mọ ojú ara wa, ni àtúnṣe ti lè wáyé, nítorí ibẹ̀ nìkan ni a ti lè bi ara wa léèrè ká sì rí ẹni dáhùn.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ àdímíìnì, ní Ìjẹ̀mọ̀, ní Adátán, ní Aṣerò, nínú ìjọ àti nínú ẹgbẹ́ ọjà, ẹ fi òfin kan lélẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí: ẹni tó bá gbé ìròyìn wá, kó kọ orúkọ ẹni tó fi ojú rí i, ibi tó ti rí i, àti ọjọ́ tó rí i, sókè rẹ̀. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, kó fi í sílẹ̀ sínú fóònù tirẹ̀. Bí ẹ bá sì rí i tí àgbàlagbà kan ṣàṣìṣe, ẹ má bú u ní gbangba. Ẹ pè é, ẹ kí i, ẹ bi í pé ta ló sọ bẹ́ẹ̀.